Ẹ̀kọ́ Tó Yẹ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera Ẹnu Ààlà ní Èkìtì

Ìbéèrè

Alábòójútó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní agbègbè Òmùò-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ àwọn ti ṣèlérí owó díẹ̀ láti fi dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́kọ̀ọ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, òun ni wọ́n sì ní kí ó kọ ohun tí wọn yóò kọ́ wọn sílẹ̀. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó gbọ́ àlàyé nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gba báàgì àti owó ọkọ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ohunkóhun kò sì yí padà. Ó fi àpẹẹrẹ kan kún un. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin alágbàṣe kan tí ibà ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì rẹ̀, wá sí ilé ìwòsàn wọn láti abà. Wọ́n kọ̀wé fún un pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e gba ọ̀nà Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí lọ, kò sì sí ẹni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: kí ni kí a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, ta ni kí a kọ́, báwo ni kí a sì ṣe kọ́ wọn tí yóò fi wúlò?

Ìdáhùn

Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin alágbàṣe yẹn, nítorí inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé, àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ojúṣe wọn nínú ọgbà ilé ìwòsàn: wọ́n rí i pé ibà yìí yàtọ̀ sí ibà ojoojúmọ́, wọn kò dá a dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lásán, wọ́n sì kọ̀wé pé kí ó máa lọ síbi tí apá ti lè ká a. Ìta ẹnu ọ̀nà yín ni okùn ti já. Kò sí ẹnì kan ní òdìkejì ààlà tó mọ̀ pé ó ń bọ̀, kò sì sí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín tó ní nọ́ńbà ẹni tí ó lè pè. Bí a bá tún kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì nìkan jọ, tí a fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn ní àmì àìsàn, ibẹ̀ náà ni okùn yóò tún ti já, nítorí pé àìmọ àmì àìsàn kọ́ ló já a. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní mú ju ohun kan lọ nínú ìdáhùn mi yìí, èyí ni kí ẹ mú: ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà ní Kogí, nínú yàrá kan náà, lórí ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn gan-an, kí ẹ̀kọ́ náà sì máa bá wọn lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ọ̀nà tí ìròyìn àrùn ń gbà ní orílẹ̀-èdè wa. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní DSNO. DSNO yóò fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń ṣọ́ àrùn fún gbogbo ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ìpínlẹ̀ yóò sì fi ránṣẹ́ sí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Àbújá. Ètò tó dára ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fò ó dá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí fún ẹni tó wà ní ẹnu ààlà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò wọ̀ láti Òmùò dé Ìyámoyè ní Kogí. Ìròyìn àrùn tó bá fẹ́ rin ìrìn kan náà ní ìlànà ìwé yóò kọ́kọ́ lọ sí Adó, yóò ti Adó lọ sí Àbújá, yóò ti Àbújá lọ sí Lọ́kọ́ja, yóò ti Lọ́kọ́ja lọ sí Ìyàrà tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, kí ó tó wá dé etí nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìyámoyè. Aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò ti débẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ tó dé.

Ààlà tó fa gbogbo ìyípo yìí kò sì tíì gbó rárá. Ní 1991 ni wọ́n dá Kogí àti Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ra wọn, wọ́n ti ń dáko pọ̀, wọ́n sì ti ń ná ọjà kan náà kí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn tó dé. Ní Kwara pàápàá, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì, Àràrómì-Ọ̀pin sì ni olú ìlú rẹ̀. Ìròyìn àrùn tirẹ̀ ń lọ sí Ìlọrin, nígbà tí ti Ọ̀tùn-Èkìtì ń lọ sí Adó. Ẹni tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ tàbí tó ń gbé iṣu lọ sọ́jà kò kà á sí pé òun ń sọdá ibì kan. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa ní in lọ́kàn.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni àrùn náà bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó láti Liberia. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe láti dá a dúró: ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn lápapọ̀, ènìyàn 894 ni wọ́n tọpa, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní ìgbà tó tó 18,500. Síbẹ̀, ẹnì kan lára àwọn tó fara kan aláìsàn ní Èkó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì gba ìtọ́jú ní bòókẹ́lẹ́ ní Port Harcourt. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú lóṣù kẹjọ ọdún náà, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtọpinpin látilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ènìyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, àwọn 8 kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọpinpin ti wà nílẹ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ẹ̀kọ́ lábẹ́ NFELTP, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùtọpinpin àrùn ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àwọn mìíràn sì ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ̀ nínú ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nípa àrùn tí ẹ ó fi ṣe ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe gbé ìwé àlàyé gbogbo àrùn tó wà láyé ka iwájú wọn. Ẹ wo ohun tó wà lápá ibi tí ojú ọ̀nà yín kọ sí. Àwọn ará Èmùré àti Ìsẹ̀ tó súnmọ́ Ọ̀wọ̀, àti àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ tó wà lọ́nà Àkúrẹ́, ibà Lásà ló yẹ kí ó jẹ wọ́n lógún jù, nítorí pé Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà náà ti ń yọjú jù lọ lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn ibi pàtàkì tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó wà ní Ọ̀tùn gbọ́dọ̀ rántí pé Kwara ni ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ti tún fojú hàn lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, lára ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, lẹ́yìn tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé láàárín ọdún díẹ̀ sí i ó ti dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní tiyín ní Òmùò, ọ̀nà yín ni àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kabba ń gbà, àwọn alágbàṣe sì ń tọ̀ ọ́ wá sí abà yín. Ẹ fi Lásà, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, onígbáméjì, èéyi àti rọpárọsẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́. Márùn-ún yẹn tó.

Lórí Lásà, mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé òun ló ń tan òṣìṣẹ́ ìlera jẹ jù. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, lẹ́yìn náà ni a sì wá mọ̀ pé eku ló ń gbé e, nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, bí 8 ni àìsàn rẹ̀ kò ní le, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àwọn ní in. Ìyókù yóò bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àyà dídùn, èébì. Ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kì í tètè jáde, àwọn mìíràn kì í sì í rí i rárá. Bí a bá kọ́ òṣìṣẹ́ láti máa dúró de ẹ̀jẹ̀ kí ó tó fura, a ti kọ́ ọ láti pẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ibà tí kò bá gbọ́ oògùn ibà lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, ó ti tó kí a fura sí i, kí a ya aláìsàn náà sọ́tọ̀, kí a sì pe DSNO lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó sì máa wọ ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláìsàn, yálà ó fura tàbí kò fura, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa tí Lásà ti pa, ọ̀dọ̀ aláìsàn tí wọn kò fura sí ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o.

Ní báyìí, ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé rẹ́jísítà ilé ìwòsàn rẹ̀ ti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá dání wá, ìyẹn ìwé ńlá tí ẹ ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Ẹ ṣí i sórí tábìlì. Mo mọ ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀, nítorí pé bákan náà ló máa ń rí káàkiri: níbi tí ó yẹ kí àdírẹ́sì wà, ẹ ó rí "Òmùò", ẹ ó rí "oko", ẹ ó rí àmì "ibid", ìyẹn bákan náà bíi ti òkè, tí wọ́n fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé bí ẹni pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, níbi tí nọ́ńbà fóònù yẹ kí ó wà, àlàfo ni. Ẹ ní kí wọ́n wá gbogbo àwọn tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì nítorí ibà kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn ará Ìyámoyè àti Òmùò fi rẹ́jísítà ẹgbẹ́ kan wé ti èkejì, kí wọ́n wò ó bóyá wọn yóò rí orúkọ kan náà nínú méjèèjì. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì tún wà nínú ìwé tiwọn ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ibà tó le sí i, òun ni ẹ̀kọ́. Kò sí àwòrán tí olùkọ́ lè gbé sára ògiri tó lè kọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Ẹ fi àyè yẹn wá alágbàṣe yín náà nínú ìwé wọn, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan lọ bi àwọn tó bá a sùn ní abà bóyá ibà ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́yìn tí ó lọ.

Ohun kejì tó gba àkókò ni bíbi aláìsàn ní ìbéèrè. Òṣìṣẹ́ á ní, "Níbo lẹ ń gbé?" Aláìsàn á ní, "Òmùò." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀. Ibi tí ó sùn ni ká bi í. "Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, níbo lẹ sùn mọ́jú? Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?" Nígbà náà ni yóò rántí pé abà ni òun wà, pé àbúrò òun bímọ lọ́nà Kabba, pé òun sùn ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ nígbà ìkómọ, àti pé eku pọ̀ nínú àká ilé ọ̀hún. Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ìsìn ọjọ́ Àìkú àti ìnáwó ẹbí ni àwọn ènìyàn wa fi ń rántí ọjọ́. Déètì kò sọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí àrùn ṣe ń pẹ́ tó nínú ara kí ó tó fara hàn ni a ó ṣe bèèrè padà sẹ́yìn tó: ọjọ́ 21 fún Lásà, ọjọ́ 3 sí 6 fún ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5 fún onígbáméjì. Kí wọ́n fi ara wọn dánra wò, kí ẹnì kan ṣe aláìsàn tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kí èkejì máa bi í, kí àwọn ìyókù máa wò.

Èdè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Aláìsàn tó bá jẹ́ Ìgbìrà, Tiv tàbí Fúlàní lè gbọ́ Yorùbá ti ọjà, kí ó má gbọ́ Yorùbá ti àìsàn. Ẹ wá ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kí ògbufọ̀ náà má ṣe jẹ́ ọ̀gá oko tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Alágbàṣe kò ní sọ níwájú ẹni tí yóò san owó rẹ̀ pé eku ń rìn lórí gààrí tí wọ́n ń fún òun jẹ, tàbí pé ẹlòmíràn tún wà ní abà tí kò lè dìde.

Àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ tàbí apá wọn bá ṣàdédé rọ yẹ fún ìrántí tiwọn. Gbogbo òṣìṣẹ́ yín mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ìgbẹ́ rẹ̀ ni a ó gbà lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò, kí ó kéré tán wákàtí 24 wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, kí méjèèjì sì wọlé kí ọjọ́ 14 tó pé. Ní ẹnu ààlà, láàárín èkíní àti èkejì yẹn gan-an ni ìyá máa ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní ìpínlẹ̀ kejì. Bí DSNO Ìjùmú bá mọ DSNO yín, ìpè kan ti tó láti gba èkejì níbi tí ọmọ náà bá wà. Bí wọn kò bá mọra, ìwádìí náà yóò kù ní àbọ̀. Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ ìlera àgbáyé gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé rọpárọsẹ̀ àdánidá (wild polio) ti kúrò nílẹ̀ wa. Irú iṣẹ́ kékeré tí ojú kì í rí bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó padà.

Bí a ṣe ń di ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìpele mẹ́ta, bí a ṣe ń kọ orúkọ sára ìgò, bí yìnyín kò ṣe gbọdọ̀ yọ́ dé ibi àyẹ̀wò: ẹ ti mọ ìwọ̀nyí, ẹ fi wákàtí méjì rán wọn létí, ẹ sì kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ìmọ̀. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé àpò náà dé Adó ni kì í sí.

Ẹ bèèrè ẹni tí a ó kọ́. Ẹ kó àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a ń pè ní CHEW, àwọn wolé-wolé àti àwọn DSNO méjèèjì jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi náà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìdajì ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí aláìsàn ń kọ́kọ́ rí kí ó tó rí yín: àwọn tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbẹ̀bí, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, alága gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà, àti Sẹ̀ríkí àwọn Haúsá àti Fúlàní. Ẹ má ṣe kọ́ wọn ní orúkọ àrùn. Ẹ kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta tí wọ́n lè fi ojú rí, ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà kan tí wọn yóò pè. Irú wọn ló bá wa lé sòbìà lọ: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó di 2013, a gba ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán. Àwọn ará abúlé tí a kọ́ láti máa wo ẹsẹ̀ ará ilé wọn, kí wọ́n sì máa ròyìn, ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Níbí ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí di ọ̀nà láti máa fi ìka tọ́ àlejò. Bí ọlọ́kadà bá ti gbà pé alágbàṣe Ìgbìrà tàbí darandaran ni àrùn, yóò máa lé wọn, àwọn náà yóò sì máa fi aláìsàn wọn pamọ́ sínú abà títí yóò fi pẹ́ jù. Ọmọ Òmùò tó lọ kí àna rẹ̀ lè gbé Lásà wálé gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni. Kí ẹnì kan lára àwọn àlejò náà wà lára àwọn olùkọ́, kí ó má jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ará ilé ni.

Nípa iye ọjọ́, mo lòdì sí ọjọ́ méjì àìdúró nínú gbọ̀ngàn. Nínú ẹ̀kọ́ àwọn olùtọpinpin àrùn tó múná dóko jù lọ káàkiri àgbáyé, bí ìdámẹ́rin àkókò ni wọ́n ń lò nínú kíláàsì, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lo ìyókù, olùkọ́ kan sì wà tó ń bójú tó wọn níbẹ̀. Ẹ fara wé e níwọ̀n agbára yín. Ẹ kó wọn jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n padà lọ pẹ̀lú iṣẹ́ àmúṣe, kí wọ́n sì tún pàdé fún ọjọ́ kan lóṣooṣù títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi parí, ní Òmùò lóṣù yìí, ní Ìyámoyè lóṣù tó ń bọ̀. Ní àgbègbè odò Mekong ní Éṣíà, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló fọwọ́ sí àdéhùn irú rẹ̀ ní 2001, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ẹnu ààlà lè máa fi ọ̀rọ̀ àrùn tó ara wọn létí ní tààrà. Bí orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí èdè wọn kò papọ̀ bá lè ṣe é, ìjọba ìbílẹ̀ méjì tí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn lè ṣe é.

Kí ẹ tó parí ọjọ́ kẹta, ẹ ṣe ìdánwò kan. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò ṣe bí aláìsàn, kí àwọn olùkọ́ nìkan mọ̀ ọ́n. Kí ó gba ilé ìwòsàn yín kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú ìtàn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́rin, kí ó wọkọ̀ lọ sí Ìyámoyè, kí ó wọ ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ẹ wo aago: wákàtí mélòó ló gbà kí ìpè tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wọn, ta ló pè, ta ni kò gbé fóònù rẹ̀? Òṣùwọ̀n tí àgbáyé ń lò báyìí ni pé kí a fura sí àrùn láàárín ọjọ́ 7 tí ó bẹ̀rẹ̀, kí a ròyìn rẹ̀ láàárín ọjọ́ 1, kí gbogbo ohun àkọ́kọ́ tó yẹ láti dá a dúró sì ti wà nílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 mìíràn. Ẹ fi ìdánwò yín wé e.

Ẹ má ṣe fi ìwé ẹ̀rí díwọ̀n àṣeyọrí. Ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kà, pẹ̀lú òdo. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí aláìsàn kò nílò ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà ní Adó kò ní mọ̀ bóyá àlàáfíà ló wà ní Òmùò tàbí òṣìṣẹ́ ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n kọ òdo, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ẹni tó bá sì gbà á dá wọn lóhùn, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, nítorí pé ẹni tí a kò dá lóhùn fún oṣù mẹ́ta yóò dákẹ́ ní oṣù kẹrin, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì ní pọ̀.

Lórí ìwé tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín nípasẹ̀ ọ̀gá ìlera ibẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń ṣọ́ àrùn fún ìpínlẹ̀ ní Adó, pé kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja sọ̀rọ̀. Lẹ́tà láàárín àwọn méjèèjì tó láti fi kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìjùmú wá. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde lórí WhatsApp gbogbogbòò, pé DSNO sí DSNO nìkan ni yóò máa lọ. Nínú ètò ìnáwó, ẹ yọ báàgì, ẹ yọ gbọ̀ngàn. Yàrá ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tó. Ẹ fi owó náà sí owó ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì, káàdì ìpè fún oṣù mẹ́fà, ìbọ̀wọ́, kúlà àti yìnyín rẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí a ó pa mọ́ fún àpò àyẹ̀wò tó bá ń lọ sí Adó. Ẹ sì sapá kí ìpàdé àkọ́kọ́ ti wáyé kí oṣù kọkànlá tó parí. Bí DSNO yín bá sì fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn èyí, kí ó bèèrè nípa ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́ta ti NFELTP, èyí tí wọ́n ń ṣe láìkúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣọ́ àrùn fún ìpínlẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìgbà tí àyè bá ṣí.